Ẹnu Mẹ́rin, Ẹlẹ́rìí Kan

Ọjọ́ Ajé, 5 Okúdù 2023

Omi wọ ọ́fíìsì lọ́yà wa ní Port Harcourt lóru àná, kò sì jókòó sí yàrá àwọn oníbàárà bí àlejò gidi. Yàrá ìwé ló kọjá sí tààrà. Gọ́tà iwájú ilé kún, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó sì bo pẹpẹ mẹ́ta ìsàlẹ̀, níbi tí àkójọ ìdájọ́ wà láti 1985 títí dé 2009. Ìdájọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló mumi yó.

Bárísítà Hannah Adéyanjú, ọ̀gá mi, dúró sínú omi, bàtà lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Ma; wọ́n ti ń kó ìwé wọ̀nyẹn jọ kí wọ́n tó bí mi. Wọn ò sunkún. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Dọ̀tun, ìwọ lo kàwé ìtọ́jú ìwé ní Pólì. Ó yá, tọ́jú wọn."

Mo ní wọ́n kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí iná bá ń jó ìwé. A ò dé orí omi.

Wọ́n béèrè bóyá sáà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi omi sí.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán mi wò níbí. Ní 31 Agẹmọ ni wọn yóò sọ bóyá mo dúró tàbí mo ń lọ. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Okúdù

Kíkẹ́ na okùn yí yàrá ìwé ká, a sì ń fi pẹ́ẹ̀gì so ojú ìwé mọ́ ọn. Kíkẹ́ ni agùnbánirọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa. Ọdún tó kọjá ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ lọ́yà, kò sì tíì jẹ́ kí a gbàgbé. Ẹni tó bá yọjú wọlé á rò pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọṣọ.

Epo bẹntiróòlù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá. Wákàtí méjì péré ni jẹnẹrétọ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ma ní kí n yan wákàtí tí orí mi ń pé jù. Mo ṣì ń wá a.

Ọjọ́bọ̀, 8 Okúdù

Ìyá Halimah wá láti Borokiri láti béèrè ibi tí ẹjọ́ wọn dé. Wọ́n mú ìwé tí onílé lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wọn lóṣù tó kọjá dání. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ká a sí mẹ́rin. Aránṣọ ni wọ́n, wọn kì í lè rí ohun tó rún kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ọjọ́ méje ni Dagogo, ọmọ onílé, fún wọn láti kó jáde nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé, tí wọ́n sì ti ń rán aṣọ fún ọdún méjìlélógún. Ọkọ wọn ló gba ilé náà. Ọkọ kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, bàbá Dagogo sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ Ìyá Halimah láìsọ nǹkan kan, títí òun náà fi kú. Ní báyìí Dagogo ní ọkọ ni ayálégbé, ọkọ ti lọ, obìnrin tó kù nínú ilé náà, àjòjì ni.

"Àjòjì," ni Ìyá Halimah wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Èmi ni mo rán yúnífọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó wọ̀ lọ sílé ìwé. Mo fi ìka mẹ́rin sílẹ̀ létí sòkòtò, kó lè tú u bó bá ga."

Ọjọ́ 3 Agẹmọ ni ìgbẹ́jọ́. Àlàyé wa lórí òfin gbọ́dọ̀ dé kóòtù májísíréètì kó tó di 23 oṣù yìí. Ohun tí a nílò kò pọ̀: ìdájọ́ kan láti ilé ẹjọ́ tó ga jù, tó sọ pé bí onílé bá ń gba owó ilé lọ́wọ́ opó, opó náà ti di ayálégbé. Ma ní ó wà, àwọn ti kà á rí. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé kan tó ní èèpo pupa. Gbogbo wọn ló ní èèpo pupa.

Wọ́n ní kí n wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Okúdù

Ibùdó àkọ́kọ́ ní gbogbo ìdájọ́ Nàìjíríà, dọ́là ló sì ń gbà. Káàdì báńkì Ma kọ̀, ó ní òun kò mọ dọ́là rí. Ìkejì fi ìlà mẹ́ta hàn mí, ó sì kó ìyókù pamọ́ bí ìyá tó ri ẹran mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ni ìkẹta, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ìparí gbogbo ojú ewé. Kò sọ ibi tó ti rí ohunkóhun. Bóyá lọ́wọ́ Ọlọ́run náà ni. Ìkẹrin jẹ́ ti ilé ẹjọ́ kan fúnra rẹ̀. Ó péye, ó mọ́, ó sì máa ń ṣí láàárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀ bí alákàrà, lẹ́yìn náà ó di ọ̀la.

Kíkẹ́ ní kí n bi ẹ̀rọ tuntun tó ń dáhùn ìbéèrè. Ó fún mi ní ẹjọ́ márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo wá wọn kiri, kò sí èyí tó wà láyé nínú wọn. Mo sọ fún un. Ó tọrọ àforíjì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fún mi ní márùn-ún mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Okúdù

Ìsinmi ni àná. Mo fi ṣe ìwé kékeré kan tí mo pè ní Ìwà Àwọn Ibùdó. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, mo sì ń bi í ní ohun tí ìyá ìyàwó ń bi ọkọ: ta ló ni ọ́, níbo lo ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé odindi ni àbí ààbọ̀, ìgbà wo lo ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn? Títí di ìsinsìnyí, méjì ló yege. Ọ̀kan nínú wọn ni alákàrà yẹn.

Ma gba ìwé náà, wọ́n kà á láìrẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi bírò tiwọn kọ ọ́ sí èèpo iwájú pé: *Ẹnu mẹ́rin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan ni.*

Ní ọ́fíìsì yìí, ẹjọ́ kì í wọ inú àlàyé wa láìjẹ́ pé ẹnì kan kà á láti orí dé ìdí, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òfin yìí ti tó ọgbọ̀n ọdún. Ma ní lọ́yà tó mú ẹjọ́ tí kò kà lọ síwájú adájọ́ dà bí ẹni tó mú ìyàwó tí kò rí rí lọ han bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Okúdù

Kò sí iná. Mo ń yí àwọn ìwé tó wà lórí okùn padà. Ìdájọ́ 1994 ń rùn bí ẹja.

Ọjọ́ Ajé, 19 Okúdù

Ma wọlé ní aago mẹ́jọ, wọn ò tíì bọ́ aṣọ òjò tí wọ́n fi na fóònù sí mi. Ẹnì kan ló fi í sínú ẹgbẹ́ Wásáàpù àwọn lọ́yà. Ìlà mẹ́fà péré ni, àkópọ̀ ìdájọ́ kan láti 2006: onílé tó bá ti gba ìtọ́jú àlejò lọ́wọ́ opó ayálégbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kò lè yíjú padà kó ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Ó bá Ìyá Halimah mu bí ẹni pé àwọn ló rán an.

Mo wá a, mo sì rí i ní ibùdó mẹ́rin mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹ̀. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn adájọ́ yìí. Àwọn yòókù máa ń kọ̀wé bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Eléyìí ń kọ̀wé bí èèyàn. Mo da gbólóhùn rẹ̀ kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi, kó lè máa fún mi níṣìírí.

Ọjọ́bọ̀, 22 Okúdù

N kò rí odindi ìdájọ́ náà. Ma ń húkọ́ nítorí ọ̀rinrin yàrá ìwé. Aago méjì ni akọ̀wé kóòtù ń ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Dọ̀tun, ibi mẹ́rin lo ní o ti rí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa.

Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: *Ọládọ̀tun ti kà á.* Ìlà mẹ́fà ni mo rí, mo sì ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

A fi àlàyé wa sílẹ̀ ní kóòtù. Òjò pa mí lọ, ó pa mí bọ̀.

Ọjọ́rú, 28 Okúdù. Iléyá

Ìyá Halimah ní kí èmi àti Kíkẹ́ wá jẹun ní Borokiri. Àgbò ọdún yìí wọ́n bí epo, nítorí náà àwọn àti aládùúgbò kan ló pín ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà ní pálọ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n nítorí ọdún.

Kí a tó jẹ, Ìyá Halimah bu ìrẹsì sínú abọ́ ńlá kan, wọ́n kó ẹran tó dára lé e, wọ́n sì ní kí Halimah ọmọ wọn gbé e lọ sílé Dagogo. Halimah fi Píjìn kùn díẹ̀, ó sì gbé e lọ. Mo bi ìyá rẹ̀ pé ṣé Dagogo tó fẹ́ lé wọn jáde náà ni.

"Ẹjọ́ ni mo ń bá a ṣe," ni wọ́n wí. "N kò bá a jà."

Abọ́ padà dé kí a tó jẹun tán. Wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Okúdù

Èsì lọ́yà onílé dé. Aláṣọ Mẹ́ta ni èmi àti Kíkẹ́ ń pè é, nítorí aṣọ mẹ́ta ló máa ń wọ̀ léra nínú ooru Port Harcourt. Ó kọ ọ́ pé òun ti fi ara balẹ̀ ka ẹjọ́ tí a mú wá látòkè délẹ̀, àti pé ní ojú ewé 214, adájọ́ sọ pé ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan ni òun ń bá wí. Ilé Ìyá Halimah ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìlara gbé mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wá odindi ìdájọ́ yẹn, àṣé ó wà lọ́wọ́ Aláṣọ Mẹ́ta.

Mo jókòó, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní ọjọ́ kìíní: mo bi ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí wọ́n ti rí i. Ìkíní dà á kọ lára ìkejì. Ìkejì àti ìkẹta dà á kọ lára ìkẹrin. Ìkẹrin rí i ní gbàgede ìjíròrò kan ní 2018, ẹni tó sì gbé e síbẹ̀ fi àdírẹ́sì kan sí ìsàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Dátà kò lágbára. Ojú ewé náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Ohun tó kọ́kọ́ yọ ni àwòrán ewúrẹ́ kan tó dé irun adájọ́.

Èmi ni mo ya ewúrẹ́ yẹn.

Ní Pólì, ní 2014, mo máa ń kọ ìdájọ́ èké kan lọ́sẹ̀ sí ibùdó kan tí mo dá sílẹ̀, láti pa àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì lẹ́rìn-ín. Mọ́kànlélógójì ni mo kọ kí ìdánwò tó gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n nìyí. Àlímì tó jẹ́ adájọ́ níbẹ̀ ni ọlọ́dẹ wa. Opó inú rẹ̀ ni ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí mo sì ṣe kọ ọ́ gan-an rèé: *Ẹni tó bá ti jẹ ìrẹsì ọdún lọ́wọ́ obìnrin fún ọdún méje kò lè pè é ní àjòjì mọ́, ikùn rẹ̀ yóò jẹ́rìí ta kò ó.* Ẹnì kan yọ ìrẹsì kúrò, ó fi ìtọ́jú àlejò sí i. Ó yọ ewúrẹ́ náà kúrò. Ó fi 2006 sí i kó lè dàgbà.

Kò sí ojú ewé 214. Gbogbo rẹ̀ kò ju ojú ewé kan àbọ̀ lọ.

Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi, mo sì fagi lé gbólóhùn adájọ́ tí mo fẹ́ràn.

Bí adájọ́ bá mọ̀ pé irọ́ la gbé wá, kò ní gba òótọ́ wa gbọ́ mọ́, ilé Ìyá Halimah á sì lọ. Bí mo bá dákẹ́, bóyá ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀; Aláṣọ Mẹ́ta fúnra rẹ̀ ti kà á débi ojú ewé 214. Mo ro èyí fún bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà mo rántí abọ́ tí wọ́n fọ̀ yẹn, n kò sì mọ ìdí tí mo fi rántí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Agẹmọ

Mo lọ sílé Ma ní Eneka. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni mo wọ̀, nítorí omi. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ kóòtù. Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n wọ awò, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọn ò fo ewúrẹ́.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, Ma."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi náà ni, Ma."

"Ta ló wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì mi pé òun ti kà á?"

Mo ní èmi yìí náà ni, àti pé ìlà mẹ́fà ni mo kà.

Wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe lọ́yà," ni wọ́n wí, "n kò tíì rí adájọ́ tó wọ kẹ̀kẹ́ mẹ́ta wá sílé mi láti wá fagi lé ìdájọ́ ara rẹ̀."

N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ẹ̀bi náà kì í ṣe tèmi nìkan. Àwọn ló kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mẹ́rin sí iwájú ìwé mi, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ ka ẹnu mẹ́rin sí ẹlẹ́rìí mẹ́rin, torí pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni yóò sọ ọ́ fún adájọ́ lọ́jọ́ Ajé. Èmi ní tèmi, kí n lọ wá òótọ́ wá. Mo ní ọjọ́ kan àbọ̀.

Mo béèrè nípa iṣẹ́ mi. Wọ́n ní, "31 Agẹmọ ni mo sọ. Kàlẹ́ńdà mi kò tíì yí padà."

Wọ́n fún mi ní dòdò jẹ kí n tó lọ. N kò mọ̀ bí èèyàn ṣe ń jẹ dòdò nírú ipò yẹn. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Agẹmọ

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, alákàrà ṣí. Kò ní odindi ohun tí mo ń wá, ṣùgbọ́n nínú ìdájọ́ 2011 kan, adájọ́ náà tọ́ka sí ẹjọ́ àtijọ́ kan lórí opó, owó ilé, àti onílé tó dákẹ́. Ó dárúkọ ìwé, ó dárúkọ ọdún: 1994.

Ìwé tó ń rùn bí ẹja.

Kíkẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wá pẹ̀lú gèlè lórí. Àwọn ojú ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí moínmoín. Ó fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, ó sì ń fi là wọ́n níyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìwé ẹ̀rí lọ́yà rẹ̀ mọ́ fún oṣù kan.

Ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Adájọ́ yẹn ru ẹrù gun òkè lóòótọ́, kò sì sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé kejìdínlógún, ó sọ ọ́ pẹrẹsẹ: onílé tó mọ̀ pé ọkọ ti kú, tó sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ aya, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ aya di ayálégbé. N kò tíì ka ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kíkẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn tí ìwé tirẹ̀ kò rí omi. Ó ka ojú ewé náà sí wa létí lórí fóònù, àwa ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Ẹnu méjì, ẹlẹ́rìí méjì. Àwa méjèèjì kọ orúkọ wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Agẹmọ

Ma dìde kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹjọ́ kan wà nínú àlàyé àwọn tí kò sí láyé, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi ṣe àwàdà nígbà kan rí, àwọn gbé e wá láìrí odindi rẹ̀, àwọn sì tọrọ àforíjì. Wọn ò dárúkọ mi. Adájọ́ bá wọn wí níwájú gbogbo èèyàn, ó ní òun kò retí irú èyí lọ́wọ́ àgbà lọ́yà. Ma tẹrí ba. Ì bá sàn kí wọ́n lé mi.

Lẹ́yìn náà ni adájọ́ yíjú sí Aláṣọ Mẹ́ta, ó sì rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó ran kóòtù lọ́wọ́ pẹ̀lú ojú ewé 214. Aláṣọ Mẹ́ta wá inú ìwé rẹ̀. Ó wá inú àpò rẹ̀. Ó ní bóyá lọ́yà kékeré tó wà lábẹ́ òun ló mú un dání. Òun nìkan ló wá.

Adájọ́ béèrè ohun tí àwàdà náà sọ gan-an. Ma ka ti ìrẹsì àti ikùn fún un. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Dagogo náà rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Ni adájọ́ bá bi í bóyá òun náà ti jẹ irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ rí.

Dagogo dìde tayọ̀tayọ̀. "Every year now, Your Worship. Even this Sallah wey just pass. She be our tenant, she no dey forget us."

Aláṣọ Mẹ́ta di ojú rẹ̀. Adájọ́ ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ma jókòó jẹ́ẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

Adájọ́ gba ẹjọ́ 1994 lọ́wọ́ wa, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fún Aláṣọ Mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan láti dá a lóhùn. Ìdájọ́ di 21 oṣù yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Agẹmọ

Ma ní kí n pa ìdájọ́ èké yẹn rẹ́. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láti 2015. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé irọ́ ni, èmi ni mo pa á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mẹ́ta ti dá mi lóhùn. Méjì ní kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà yéé dá sí ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ̀kẹta dúpẹ́ lọ́wọ́ Adájọ́ Àlímì.

Mo fún ibùdó mi ní ojú ewé tirẹ̀ nínú Ìwà Àwọn Ibùdó. Kò yege.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Agẹmọ

Ìyá Halimah kò ní kó jáde. Adájọ́ ní ayálégbé ni wọ́n, ìwé ọjọ́ méje yẹn kò wúlò. Ó gbé e ka ojú ewé kejìdínlógún. Kò dárúkọ ìrẹsì, ṣùgbọ́n ó ní kò sóhun tó ṣòro níbẹ̀, nígbà tí ọmọ onílé ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe obìnrin náà ní ayálégbé ní kóòtù.

Ìyá Halimah kò pariwo. Wọ́n di ọwọ́ Ma mú, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀. Níta, Dagogo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ìyá Halimah kọjá lára rẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó mú sòkòtò yẹn wá lọ́la, etí rẹ̀ ti tú.

"Yes, Ma," ni Dagogo wí.

Ọjọ́ Ajé, 31 Agẹmọ

Òjò láti àárọ̀. A ti gbé àwọn ìwé sókè, pẹpẹ mẹ́ta ìsàlẹ̀ ṣófo. 1994 wà lókè pátápátá, òun nìkan, nítorí òórùn.

N kò lè ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán, Ma wá sí tábìlì mi, wọ́n gbé abọ́ ìrẹsì kan kalẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní wọ́n sè é nílé, kí n jẹ ẹ́ kó má tutù. Mo jẹ ẹ́. Ata rẹ̀ pọ̀.

Ní aago mẹ́rin, mo kan ilẹ̀kùn wọn. Mo ní mo wá gba lẹ́tà mi, èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì.

Wọn ò gbójú sókè nínú ohun tí wọ́n ń kà. "Lẹ́tà wo? Ṣé o kò tíì jẹ ìrẹsì yẹn ni?"

Mo padà lọ wo abọ́ náà. Egungun kan ló kù níbẹ̀. Ikùn mi ti jẹ́rìí: mo dúró.

Mo fọ̀ ọ́, mo sì gbé e padà fún wọn.